Ìbò ìyanṣẹ́lódì: 90 nínú 240 kò tó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Ìkẹ́rẹ́. Ẹ béèrè bóyá ọwọ́ 90 tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín nà sókè nípàdé tó láti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Kò tíì tó. Ẹ ní 240 ni ọmọ ẹgbẹ́ yín, 130 ló wá sípàdé. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe ní 2005 kò wo iye tó jókòó sí gbọ̀ngàn. Gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ló ń kà. Ìbò 121 lẹ nílò, ìyẹn ni pé kó ju ìdajì 240 lọ. Ẹni tó jókòó sílé ti dìbò "rárá" nìyẹn.

Kí ẹ tó tún un dì:

1. Ẹ gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ yọ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àtàwọn olóògbé. Bí 20 bá jáde, ó ku 220, ìbò 111 ti tó.
2. Ẹ fi bébà dì í, ẹ máa sààmì sí orúkọ ẹni tó bá ti dìbò. Àpótí kí ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́, torí àwọn oníṣẹ́ ọ̀sán.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ ńlá, ẹ wo ìwé òfin ẹgbẹ́ ná. Ẹ̀ka lè má láṣẹ láti dá ìbò dì. Bó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn tàbí omi ẹ̀rọ ni, ìbò 240 pàápàá kò lè gbà yín: òfin kò fàyè gba ìyanṣẹ́lódì nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.