Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìṣirò ní JSS1

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni wọ́n gbé ìṣirò JSS1 fún ní sáà tó ń bọ̀. Ọmọ 48 ni, wọn ò sì mọ ara wọn rí. Kí ni mo lè fi ìṣirò ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a ó fi mọra, tí ẹ̀rù ò ní bà wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ẹ má fún wọn ní ìdánwò lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó bá gba òdo lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á wá àyè sẹ́yìn kíláàsì, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ọdún á fi parí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò gbà ju bébà lọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó jẹ mọ́ ọn, kó má sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ tiyín sára pátákó. Ká ní ẹ kọ 17, wọ́n á máa méfò: ṣé ọdún tí ẹ ti ń ṣe tíṣà ni? Àbí nọ́ńbà ilé yín? Ẹ ní kí wọ́n pè é ní Yorùbá: mẹ́tàdínlógún. Kí ni "dín" ń ṣe níbẹ̀? 20 tó dín 3 ni, bí 45 ṣe jẹ́ 50 tó dín 5. Ọmọ tó ní òun ò mọ ìyọkúrò ti ń fẹnu ṣe é tipẹ́. (Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n kà kọjá ogún mọ́ o, ẹ ṣe sùúrù.)

Ẹ má ní kí wọ́n kọ iye ọmọ tí ìyá wọn bí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ má sì dárúkọ owó. Sáìsì bàtà, aago tí wọ́n jí, iye ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ wá, ìyẹn ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì sọ orúkọ. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n bọwọ́? Ọ̀pọ̀ á ní 30, torí 6 lọ́nà 5. Ẹ má tíì sọ pé wọn ò gbà á. Kí ẹni méjì ṣe é, kí mẹ́ta ṣe é, kí mẹ́rin ṣe é: 1, 3, 6. Ẹnì kan á pariwo pé, "A ti kà á lẹ́ẹ̀mejì!" 15 ni. Gbogbo kíláàsì yín á jẹ́ 1,128, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò, agogo á lù bá yín.

Bí àyè bá ṣì wà, ẹ wá ẹni méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà nínú oṣù kan náà, ọdún ì báà yàtọ̀. Bí iye èèyàn tó wà níbẹ̀ bá ti tó 23, ìrètí pé ẹ ó rí wọn ti ju ìdajì lọ. Pẹ̀lú 48, ó ju 95 nínú 100 lọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ Táíwò àti Kẹ́hìndé sílẹ̀ ná.