Wọ́n Ti Yọ Iṣan Eyín, Kí Ló Tún Ń Dun Ni Lábẹ́ Kíráùn?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn lórí kíráùn, ìyẹn ìbòrí tí dókítà eyín máa ń dé bíi fìlà sórí eyín tó ti gba ìtọ́jú rúùtù kánà (yíyọ iṣan inú eyín).

*Dókítà ṣe rúùtù kánà fún eyín mi kan, lọ́hùn-ún inú nísàlẹ̀, lápá òsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n dé kíráùn sí i. Ọjọ́ 9 rèé, bí mo bá ti pa ẹnu dé, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan, ó sì ń dùn mí. Ṣebí wọ́n láwọn ti yọ iṣan inú rẹ̀? Ṣé kí n máa fara dà á? — Ìyá oníṣòwò, Òkè-Àjẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ má fara dà á, ìyá wa. Òótọ́ ni pé iṣan inú eyín ti lọ. Ṣùgbọ́n eyín kì í wọnú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìṣó ṣe ń wọ pákó. Awọ tín-ín-rín kan ló so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ egungun, awọ ọ̀hún sì wà láàyè digbí. Òun ló ń ta yín lólobó bí òkúta bá wà nínú ẹ̀wà. Rúùtù kánà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kíráùn bá wá ga díẹ̀, ìbáà má ju nínípọn bébà kan lọ, òun nìkan ni yóò máa gba gbogbo ẹrù nígbà tí ẹ bá ń jẹun, awọ náà á bínú, á sì máa ro yín.

“Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan” tí ẹ kọ yẹn gan-an ni àmì tí dókítà ń wá. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ ti mú kí ẹnu kú tipiri lọ́jọ́ tí wọ́n dé e, èèyàn tún sùn gbalaja sórí àga, wọ́n ní ṣé ó dáa, òun náà ní ó dáa. Ìgbà tó délé tó jẹun ló tó mọ̀.

Ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n á nu eyín náà gbẹ, wọ́n á fi bébà aláró kan tó fẹ́lẹ́ sáàárín, wọ́n á ní kí ẹ gé e tó-tó-tó, kí ẹ tún wa ẹnu sọ́tùn-ún sósì bíi pé ẹ ń jẹ ẹran. Ojú ibi tó bá ga ni aró á mú jù, ibẹ̀ ni wọ́n á fi ẹ̀rọ ha díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì dán an padà kó má baà máa ha eyín òkè. Kò gba abẹ́rẹ́, kì í pẹ́. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ní ẹ fẹ́ dìde jókòó dáadáa, kí ẹ tún un gé wò. Ìrora náà lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó rọlẹ̀ tán.

Àwọn kan máa ń gba ni nímọ̀ràn pé yóò bá ara rẹ̀ mu. Kì í bá a mu. Kíráùn le, eyín tó dojú kọ ọ́ ló máa jẹ, tàbí kí kíráùn fúnra rẹ̀ sán.

Bó bá jẹ́ ẹran ìdí eyín nìkan ló ń ta yín, ìyẹn yàtọ̀. Ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú kọ́ọ̀bù omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fi fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́, yóò lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí kókó tó ń tú ọyún yọ, tàbí tó ń ro yín lóru láìjẹ nǹkan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíga mọ́, ó di kí wọ́n ya fọ́tò eyín. Bó bá sì jẹ́ omi tútù ló ń ta á, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, torí eyín tí kò níṣan kò mọ òtútù.

*Obì ni mò ń tà ní Sábó, Ṣágámù, mo sì ń jẹ ẹ́. Orín ni mo fi ń fọ ẹnu. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíráùn fún mi. Kí ni kí n yẹra fún?*

Ẹ má jẹ nǹkan kan títí ẹnu yóò fi jí, nítorí ẹ lè gé ahọ́n yín jẹ láìmọ̀. Fún wákàtí 24, ẹ fi apá kejì jẹun kí símẹ́ńtì tó so ó mọ́lẹ̀ le dáadáa. Ìkọ́kọrẹ́ dára púpọ̀ lákòókò yìí, bí wọ́n bá ti ṣa eegun ẹja inú rẹ̀, tí kò sì gbóná jù.

Lẹ́yìn náà, obì kò léwu. Orógbó, kúlíkúlí, yìnyín àti eegun ẹran Iléyá ni kí ẹ má fi ibẹ̀ fọ́. Obì lè má pa kíráùn láró, àmọ́ yóò pa àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láró, àwọ̀ wọn ò sì ní dọ́gba mọ́.

Ní ti orín, ẹ fi apá kejì rún un. Ṣùgbọ́n òun nìkan ò tó. Kíráùn kì í jẹrà, eyín abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹrà, láti ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, kò sì níṣan tó máa ké sí yín. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní flúóráìdì, ẹ dagun rẹ̀ sí ìlà ẹran ìdí eyín, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn.

*Kíráùn mi yọ bí mo ṣe ń jẹ gúgúrú. Kò dùn mí rárá. Ṣé mo lè fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́? — Ìjẹ̀bú-Igbó*

Rárá o. Gúlù yẹn á jó ẹran ẹnu, á gbára jọ sínú kíráùn, kò sì ní wọlé dáadáa mọ́. Ẹ fi omi ṣàn án lórí abọ́, kì í ṣe lórí ihò gọ́tà, ẹ má fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀, ẹ gbé e sínú ike. Bó bá pọn dandan kó wà lẹ́nu nígbà tí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ tọ́ ọṣẹ ìfọyín bíńtín sínú rẹ̀, ẹ rọra gbé e dé, kí ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ jẹun tàbí sùn. Ẹ rí dókítà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, bí kò tilẹ̀ dùn yín: itọ́ lè gbé kòkòrò padà sínú gbòǹgbò, eyín tó ṣẹ́kù náà sì lè là sí méjì.

Bí kíráùn bá wọ ọ̀nà ọ̀fun tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tàbí tí èémí ń ṣe ségesège, ẹ má dúró de dókítà eyín, ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ forí lé.