Má tíì ká decal Halifax rẹ kúrò

Àbúrò mi, mo ti wo fọ́tò Halifax rẹ, bàálù ogun oníke tí o kọ́ yẹn, mo sì fẹ̀ ẹ́ títí ojú fi ń ro mí. O ní àwọn lẹ́tà pupa MP tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dà bí ohun tí a fi ọ̀rá bò, pé nǹkan kan ń dán funfun yí wọn ká lórí ọ̀dà dúdú, àti pé lọ́la lo fẹ́ ká gbogbo decal náà, àwọn lẹ́tà àti àmì alálẹ̀mọ́ yẹn, kúrò kí o tún òmíràn rà. Jọ̀ọ́, fi ẹ̀mú sílẹ̀ ná.

Èmi ká tèmi. Halifax Mk III ti Revell ni, ìwọ̀n 1/72, ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàálù oníke. Fọ́tò kan ló mú mi rà á: Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ilé baba rẹ̀ fún gbogbo wa, tó bá 76 Squadron, ẹgbẹ́ kan nínú RAF (àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), fò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì gba DFC, àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà nínú ogun òfurufú. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ “Achtung! The Black Prince” sára Halifax tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé lọ sójú ogun. Holme-on-Spalding-Moor, ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni 76 Squadron ti ń gbéra nígbà náà, Leeds sì ni èmi ń gbé. Mo wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tó wà níbẹ̀, mo sì pinnu pé bàálù yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ilé mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi bà á jẹ́.

Mo fi Humbrol 33 kun abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dúdú tí kì í dán, mo sì gbé decal lé e lórí tààrà, nítorí èrò mi ni pé bàálù tó ń fò lóru kò gbọdọ̀ dán rárá. Nígbà tí funfun yẹn yọ, inú bí mi, mo fi téèpù ká lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọ̀dà dúdú bá a lọ. Ọ̀dà tó wà lábẹ́ dúdú tún tẹ̀lé e. Ike lásán ló ṣẹ́ kù, ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, lójú ibi tí gbogbo ènìyàn máa kọ́kọ́ wò. Mo gbé bàálù náà sínú páálí, n kò sì fọwọ́ kàn án fún oṣù méje.

Ẹ̀bi kò sí lára decal. Abẹ́ rẹ̀ ni kí o wò. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà dán ni pé ojú rẹ̀ kò tẹ́jú: gegele àti kòtò wà níbẹ̀ tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á á fọ́n káàkiri. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní àwọ̀ ni decal. Orí àwọn gegele yẹn ló sùn lé, afẹ́fẹ́ sì há sínú àwọn kòtò. Afẹ́fẹ́ tó há yẹn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí wa tó ń rí funfun. Ìwọ náà ti rí bí pósítà olóṣèlú ṣe máa ń rí lára ògiri tí wọn kò rẹ́: ibì kan lẹ̀, ibòmíràn wú. Lára ògiri tí wọ́n rẹ́ tó jọ̀lọ̀, ńṣe ló máa lẹ̀ típẹ́típẹ́. Lórí Dark Earth àti Dark Green (àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé) tó wà lókè, ó ṣeé ṣe kí o má tètè rí i. Dúdú ló máa ń tú àṣírí.

Ohun tó sì dùn mí jù nígbà tí mo kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé Halifax gidi pàápàá jìyà ọ̀dà tó rí hárahàra. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pè ní Special Night kò dán rárá, ojú rẹ̀ kò sì jọ̀lọ̀, débi pé ó ń dín eré bàálù kù. Wọ́n ní láti fi Night tó jọ̀lọ̀ rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, èrò mi pé ó gbọ́dọ̀ rí hárahàra kò tilẹ̀ bá ìtàn mu.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí, bí mo ṣe tún tèmi ṣe nìyí. Ra Micro Sol, omi tó ń mú kí decal rọ̀, èyí tó ní àkọlé pupa, má ṣì í mú Micro Set tó ní àkọlé búlúù. Mú abẹ́rẹ́ tuntun, kì í ṣe èyí tó ti kú lẹ́nu. Gún ibi tó ń dán funfun nìkan, lóòró, ihò wẹ́wẹ́ tó súnmọ́ra. Má fa abẹ́rẹ́ náà lójú decal, yóò ya. Lẹ́yìn náà fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbé Micro Sol lé e, kó wọ inú ihò lọ. Yóò lé afẹ́fẹ́ jáde, yóò sì mú kí decal rọ̀ kó sùn sínú àwọn kòtò yẹn. Kó tó sùn, yóò kọ́kọ́ hunjọ bí awọ ẹsẹ̀ àgbàlagbà, àyà rẹ yóò sì já. Má fọwọ́ kàn án! Dìde kúrò nídìí rẹ̀, lọ jẹun. Ní àkókò yẹn, decal náà rọ̀ bí ojú ẹ̀kọ gbígbóná. Ìka tó bá kàn án ló máa gbé e lọ. Bó bá ṣe ń gbẹ ni yóò máa tẹ́jú fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wò ó, gún èyí tó ṣẹ́ kù, tún gbé Micro Sol lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ṣe é fún roundel (àmì RAF tó rí róbótó) ọwọ́ ọ̀tún kí funfun náà tó lọ. Ti ọwọ́ òsì kò lọ tán títí dòní. Síbẹ̀, ó sàn ju ike lásán lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Bàálù tó ń bọ̀ ńkọ́? Fáníṣì dídán ni wàá kọ́kọ́ fín lé ọ̀dà kí decal tó dé ibẹ̀. Tamiya X-22 ni mo ń lò, ìpele méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́lẹ́, ọjọ́ méjì ni mo sì fi ń jẹ́ kó gbẹ. Ṣùgbọ́n ìkánjú ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kejì. Lára Lancaster, bàálù ogun mìíràn tí mo kọ́ tẹ̀lé e, alẹ́ ọjọ́ kan péré ni mo fi jẹ́ kí ọ̀dà Humbrol gbẹ, mo sì fín fáníṣì lé e. Nígbà tó máa fi di òwúrọ̀, apá rẹ̀ ti sán bí ẹrẹ̀ odò nígbà ọyẹ́. Ojú ọ̀dà ti gbẹ, inú rẹ̀ kò tíì gbẹ, fáníṣì sì ti le kí ó tó parí ìsúnkì. Imú ni mo fi ń dán an wò báyìí. Gbé bàálù náà súnmọ́ imú rẹ: bí ó bá ṣì ń rùn ọ̀dà, kò tíì tó. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ń fún un, àní nígbà ẹ̀rùn.

Tí decal bá kàn, gé awọ tí kò ní àwọ̀ kúrò súnmọ́ etí lẹ́tà bó ṣe lè súnmọ́ tó, pàápàá láàárín M àti P. Ibi tí kò bá sí awọ, kò sí ohun tó máa dán níbẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí o lò. Fi Micro Set sí ojú ibi tó máa jókòó, sún un kúrò lórí pépà rẹ̀, kí o sì fi òwú tútù tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí omi àti afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde. Micro Sol ló gbẹ̀yìn.

Fáníṣì tí kì í dán tí wàá fi parí rẹ̀, pò ó dáadáa, kí o tún un pò. Ìyẹ̀fun tó ń pa dídán rẹ̀ máa ń sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò. Mo fín èyí tí n kò pò tó lé bàálù kan lórí ní ọjọ́ òjò, ó sì funfun bí ẹni da èlùbọ́ sí i lára. Fáníṣì dídán tí mo tún fín lé e ló kó o yọ.

Ohun kan ṣì wà tí o kò béèrè. Dúdú rẹ ti dúdú jù. Ní ìwọ̀n 1/72, mìlímítà kan dúró fún sẹ̀ǹtímítà 7.2, nítorí náà ńṣe ni ò ń wo bàálù náà bí ẹni tó dúró lókèèrè, dúdú tó bá sì wà lókèèrè kì í rí bí èédú. Lọ sí RAF Museum ní Hendon, kí o rí W1048. Halifax Mk II ni, tó lọ kọlu ọkọ̀ ogun Tirpitz ní oṣù Kẹrin 1942, tí wọ́n yìnbọn bà, tó sì balẹ̀ sórí adágún Hoklingen ní Norway tó ti di yìnyín. Ó rì sínú adágún náà títí wọ́n fi gbé e jáde ní 1973, èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ni wọ́n sì fi sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo dúró níwájú rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Láti ọjọ́ yẹn, Tamiya XF-85, ọ̀dà tí kò dúdú tó èédú, ni mo fi ń ṣe Night, mo sì ń kán funfun díẹ̀ sí èyí tí mo bá fín sí àárín páànù kọ̀ọ̀kan.

Gún lẹ́tà M nìkan ní alẹ́ yìí, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ lọ́sàn-án ọ̀la lẹ́bàá fèrèsé, má tan iná lé e. Fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ kan P.