Abẹ́rẹ́ shingles fún ẹni tó ní CLL: ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé èwo ni, kí ẹ sì tètè gbà á

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní CLL, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ yín, pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ ni. Dókítà kan ní kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára shingles, ìyẹn ìléròrò tó ń ta tí fáírọ́ọ̀sì chickenpox ń fà, ẹlòmíràn sì ní ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í sún mọ́ irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Abẹ́rẹ́ shingles méjì ló ti wà, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ.

Ti àtijọ́ ń jẹ́ Zostavax. Fáírọ́ọ̀sì náà gan-an ló wà nínú rẹ̀, láàyè, wọ́n kàn gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ara tó le á ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n ara tí CLL ti tú ọmọ ogun rẹ̀ ká lè má ṣẹ́gun rẹ̀. Òun ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà. Wọ́n ti dáwọ́ títà á dúró ní Amẹ́ríkà láti oṣù kọkànlá ọdún 2020, àmọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni Shingrix. Kò sí ohun alààyè kankan nínú tiẹ̀, àfi purotéènì kan ṣoṣo láti ara fáírọ́ọ̀sì náà, 50 máíkírógíráàmù, àti èròjà kan tó ń ta ọmọ ogun ara jí. Kò lè fún yín ní shingles, kò sì lè ti ara yín ran ará ilé. Ní 2017 ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ẹni 50 ọdún sókè. Nígbà tó di 2021, wọ́n fi ẹni 18 ọdún sókè tí àìsàn tàbí oògùn ti dín agbára ìdènà àrùn rẹ̀ kù kún un. Irú àwa tó ní CLL nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìgbà ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni wọn kì í ráyè ṣàlàyé fúnni. Ẹni tó bá ti ṣe chickenpox rí, fáírọ́ọ̀sì náà kò kúrò lára rẹ̀. Ó ń sùn ní gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Nínú ọmọ ogun ara, sẹ́ẹ̀lì T ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ kó má jí di shingles, sẹ́ẹ̀lì B sì ni alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọfà. Sẹ́ẹ̀lì B ni CLL kọ́kọ́ bà jẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó kan ọdẹ náà pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nílò àwọn méjèèjì kó tó lè kọ́ wọn níṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àkókò tí ẹ wà yìí, tí ìtọ́jú kò tíì bẹ̀rẹ̀, ló dára jù. Ẹ má jẹ́ kó fò yín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á, 0.5 mL lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sínú ẹran apá lókè. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, oṣù 2 sí 6 ló máa ń wà láàárín méjèèjì. Fún àwa, wọ́n lè sún un mọ́ra, oṣù 1 sí 2. Bí dókítà bá ti ń sọ pé ìtọ́jú kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gba àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ gba èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ 2, ó kéré tán, ṣáájú kí rituximab tàbí obinutuzumab, oògùn CLL tí wọ́n ń fà sí ara, tó wọlé. Àwọn oògùn méjèèjì yìí ń kó alágbẹ̀dẹ lọ pátápátá. Abẹ́rẹ́ tó bá dé lẹ́yìn wọn á bá àgbẹ̀dẹ lófo, nítorí náà wọ́n sábà máa ń dúró tó oṣù 6 lẹ́yìn èyí tí wọ́n fà sí yín lára kẹ́yìn. Ti oògùn CLL oníhóró ojoojúmọ́ bí ibrutinib, acalabrutinib àti zanubrutinib yàtọ̀. Wọ́n lè lò ó fún ọdún púpọ̀, kò sì sí ìgbà tí ẹ máa dúró dè. Wọ́n á gún yín bẹ́ẹ̀ náà. Ara kì í dáhùn tó ti ẹni tí kò tíì gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n àwọn kan ń rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Ẹ má tìtorí abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ ara yín dá oògùn dúró o.

Bí èkejì bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ lọ gba èyí tó kù.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ fojú sí ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ Shingrix oníìgò kékeré méjì ni wọ́n ní: ìyẹ̀fun funfun wà nínú ọ̀kan, omi wà nínú èkejì. Omi yẹn ni wọ́n á fà sínú ìyẹ̀fun, wọ́n á rọra mì ín títí yóò fi yọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fà á sínú abẹ́rẹ́. Àṣìṣe tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn ni pé wọ́n gún wọn ní omi nìkan, ìyẹ̀fun sì kù sínú ìgò. Inú ìyẹ̀fun ni purotéènì wà. Èyí tí wọ́n bá ti pò kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ nínú firíìjì, èyí tó bá sì ti dì bí yìnyín, dànù ni.

Ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun dání, kí ẹ sì sọ iye platelet yín, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bó bá ti wà lábẹ́ 50, ìyẹn 50,000 nínú máíkírólítà kan, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹ̀jẹ̀ yín mọ̀ kí wọ́n tó gún yín. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, nọ́ńbà 23 tàbí 25, ni kí wọ́n lò. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi òwú tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú 2 ó kéré tán. Títẹ̀ ni o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀. Ẹni tó ń lo ibrutinib gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, torí oògùn náà ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà bí iye platelet tilẹ̀ dára.

Ẹ má retí pé á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Apá á dùn, ó lè wú, ó sì lè pọ́n. Ó lè rẹ̀ yín, kí òtútù mú yín, kí ara gbóná fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò, bíi ẹnì 1 nínú 6 ni kò lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ibí ni páńpẹ́ wà fún àwa: ibà abẹ́rẹ́ àti ibà àkóràn jọ ara wọn. Ẹ fi tẹmọ́mítà wọn ara yín kí ẹ tó gbé paracetamol mì, torí ó máa ń bo ibà mọ́lẹ̀. Bó bá tó 38°C tí sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti àkóràn, ìyẹn neutrophil, sì ti kéré tẹ́lẹ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé abẹ́rẹ́ ni. Bí neutrophil bá dára, tí ibà náà sì kọjá ọjọ́ 3, ẹ pè wọ́n pẹ̀lú. Ẹ jìnnà sí ibuprofen àti aspirin bí platelet bá kéré tàbí tí ẹ bá ń lo ibrutinib.

Kókó abíyá lè wú ní apá tí wọ́n gún. Ẹni tó ní CLL á kọ́kọ́ rò pé àìsàn ló ń gorí sí i. Ẹ kọ ọjọ́ àti apá tí wọ́n gún sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí ẹ bá ní àyẹ̀wò àwòrán inú ara, CT tàbí PET, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lo apá tí kókó kò pọ̀ sí.

Ẹni tí wọ́n ń fa immunoglobulin sí lára lè gbà á, kò dí i lọ́wọ́. Ẹ kàn má náwó sí àyẹ̀wò pé bóyá abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́: èròjà agbógunti-àrùn ẹlòmíràn tó wà nínú immunoglobulin náà á hàn nínú ẹ̀jẹ̀ yín bí ẹni pé tiyín ni. Acyclovir, oògùn tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì shingles, náà kì í dí Shingrix lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n sì ní kó máa lò ó kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ó gba abẹ́rẹ́ jù ú nù. Ẹni tó ti ṣe shingles rí ṣì máa gbà á, ìyẹn nígbà tí ìléròrò bá ti gbẹ pátá.

Láàárín àwọn ẹni 50 ọdún sókè tí ara wọn le, Shingrix dènà shingles dé nǹkan bí 97 nínú 100. Láàárín àwọn tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara wọn ṣe ìtọ́jú ìmúdọ̀tun mùdùnmúdùn eegun, nǹkan bí 68 ni. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀wù irin. Nítorí náà, bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú ara yín bá ń ta tàbí tó ń jó bí ẹni fi iná sí i, tí kò sì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má dúró de ìléròrò. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn. Láàárín wákàtí 72 tí ìléròrò bá yọ ni oògùn ń ṣiṣẹ́ jù: valaciclovir 1 gíráàmù ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ 7 ni wọ́n sábà máa ń kọ, bí kíndìnrín bá le. Bó bá yọ sí orí imú tàbí sí ẹ̀bá ojú, tàbí tó tàn kálẹ̀ ju ojú ibi kan lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà, ì báà jẹ́ òru.