Ẹ bi Bàbá Ẹlẹ́ja

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì fẹ́ ká lọ fi ìwọ̀ pẹja ní dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, ká sì pàgọ́ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kí ni ká ṣọ́ra fún? (Bàbá Táyé, Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Bàbá Táyé, ẹ kú ọmọ o. Omi ni n ó kọ́kọ́ sọ, ẹja ṣì ń bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí dáàmù yẹn ní 1983 ni àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti ń yọ àwọn ará etí ibẹ̀ lẹ́nu. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé e. Èmi náà tọ ẹ̀jẹ̀ rí, ní kékeré, nítorí odò abúlé wa. Nítorí náà, kò sí wíwẹ̀, kò sí kíki ẹsẹ̀ bọmi, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Bàtà òjò ni kí ẹ wọ̀.

Ekòló lẹ ó fi mú ẹpìyà, láàárọ̀ kùtù. Ẹ fi bo ẹnu ìwọ̀, kí ìrù rẹ̀ díẹ̀ máa mì. Ẹpìyà á kọ́kọ́ fẹnu tọ́ ọ wò, okùn á máa gbọ̀n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má tíì fà! Ìgbà tí okùn bá lọ gbọọrọ ni kí ẹ fà á. (Àwọn ọmọ yín ò ní gbọ́, wọn á fà á.) Àrọ̀ ní tirẹ̀, òru ló ń jẹun.

Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó pàgọ́. Orí ilẹ̀ gíga ni kẹ́ ẹ pa á sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ dáàmù, torí wọ́n lè ṣí omi sílẹ̀. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ má gbàgbé kúbùsù.