Ṣé aràn tó ń pa aràn jẹ lè gba iṣu mi sílẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn?

Ẹ ní iṣu yín ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, yọ kókó lára, wọ́n sì ní nẹ́mátóòdù, ìyẹn aràn tín-ín-rín inú ilẹ̀, ni. Ẹ wá ń bèèrè bóyá àwọn nẹ́mátóòdù tó ń pa ẹgbẹ́ wọn jẹ lè bá yín pa wọ́n.

Wọ́n ń pa wọ́n jẹ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìgbà gbogbo. Inú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ni nẹ́mátóòdù ti ń rìn. Tí ọyẹ́ bá gbẹ ilẹ̀ tán, ẹran ò rìn, ọdẹ náà ò rìn. Ọ̀kan lára àwọn ọdẹ náà, Mononchus, ní eyín ńlá kan lẹ́nu. Ó lè gbé ẹran mì lódindi, ó sì lè dá a lu kó fa inú rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń tú ṣáá kì í bá a lára mu.

Ọdẹ mìíràn, Pristionchus pacificus, ló yà mí lẹ́nu jù. Kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ! Ebi àti kí wọ́n pọ̀ jù lójú kan nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé máa ń mú kí púpọ̀ nínú wọn dàgbà di ẹlẹ́nu gbígbòòrò, eléyín méjì, tó ń pa aràn. Àwọn yòókù, ẹlẹ́nu tóóró, ò lè pa aràn, bakitéríà ni wọ́n ń jẹ. Ọdẹ ẹlẹ́nu gbígbòòrò yìí kì í sì í jẹ ọmọ tirẹ̀ o.

Ẹ fi koríko bo orí ebè kí ọ̀rinrin má tètè sá, ṣùgbọ́n ẹbu tó mọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.