Àdúà wo ni Mùsùlùmí ń ṣe kó tó sùn àti nígbà tó bá jí?
Kó tó sùn, á ní «Bismika Allāhumma amūtu wa ahyā»: orúkọ Rẹ, Ọlọ́hun, ni mo fi ń kú tí mo sì fi ń yè. Bó bá jí, á ní «Alhamdu lillāhi lladhī ahyānā ba‘da mā amātanā wa ilayhi n-nushūr»: ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jí wa lẹ́yìn tó ti pa wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni àjíǹde. Oorun ni wọ́n pè ní ikú níbẹ̀.

Lálaalẹ́, Ànábì Muhammad tún máa ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á ka Kul-huwallāhu, Falaki àti Nāsi, ìyẹn sūrà mẹ́ta tó parí Kùránì, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí àtẹ́lẹwọ́ náà, á wá fi ọwọ́ náà pa ara láti orí wá sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Súnnà, ìyẹn ìṣe Ànábì, ni, kì í ṣe dandan bí ìrun márààrún.